Kí Ẹni Tó Jìn sí Kòtò Lè Sọ̀rọ̀: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Tó Ń Ṣe Olórí Lẹ́nu Iṣẹ́

Nínú ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí, a fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tó kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Púpọ̀ nínú àwọn ìdílé wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ló ń jẹun nínú iṣẹ́ ilé ìwòsàn, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọkọ̀ èrò, ilé ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ti di ọ̀gá, wọ́n sì ní ènìyàn 5 tàbí 50 lábẹ́ wọn. Ìbéèrè tí a fẹ́ kí olúkúlùkù ọ̀gá bi ara rẹ̀ ni èyí: bí ẹni tó kéré jù lọ lábẹ́ mi bá rí i pé ewu ń bọ̀, ṣé ó lè sọ ọ́ fún mi lójú ẹsẹ̀?

Àwọn baba wa máa ń sọ pé ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó síwájú díẹ̀. Bí ẹni tó jìn sí kòtò bá dìde, tó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù, tó sì dákẹ́ nítorí ó mọ̀ pé èébú ni wọn yóò fi dá òun lóhùn, ta ló kọ́ lọ́gbọ́n? Kòtò náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò tún jìn sí i.

Ohun tí a ń sọ ni ìfọ̀kànbalẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́: kí òṣìṣẹ́ mọ̀ dájú pé bí òun bá béèrè ohun tí kò yé òun, bí òun bá jẹ́wọ́ àṣìṣe, tàbí bí òun bá sọ pé ohun tí ọ̀gá fẹ́ ṣe léwu, wọn kò ní fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, wọn kò sì ní fìyà jẹ òun. Ẹ̀mí ènìyàn ti bọ́ nítorí pé irú ìfọ̀kànbalẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí. Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ TENERIFE

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, bàálù ńlá méjì forí gbárí lórí ilẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Los Rodeos, ní erékùṣù Tenerife tó jẹ́ ti ilẹ̀ Spain. Ọ̀kan jẹ́ ti ilé iṣẹ́ KLM ti ilẹ̀ Holland, èkejì jẹ́ ti Pan Am ti Amẹ́ríkà. Kò sí èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà nínú àwọn méjèèjì. Bọ́ǹbù tó bú ní pápákọ̀ Gran Canaria ló mú kí wọ́n darí wọn síbẹ̀. Ènìyàn 583 ló kú. Títí di òní, kò tíì sí ìjàǹbá bàálù mìíràn tó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Kurukuru ti bo ilẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàálù Pan Am ṣì ń rọra lọ lórí ojú ọ̀nà tí bàálù fi ń gbéra, àwọn ti KLM kò sì lè rí i. Olórí awakọ̀ KLM kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ rárá. Òun ló ń kọ́ àwọn awakọ̀ yòókù ní ilé iṣẹ́ wọn. Nígbà àkọ́kọ́ tó fẹ́ gbéra, igbákejì rẹ̀ rán an létí pé wọn kò tíì gba àṣẹ. Nígbà tó tún gbéra lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé wọ́n fún wọn ní àṣẹ ìgbéra, igbákejì náà kò dá a dúró mọ́. Ẹnjiníà tó jókòó lẹ́yìn wọn wá gbọ́ ohun kan lórí rédíò tí ara rẹ̀ kò gbà. Ó béèrè bóyá bàálù Pan Am kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Olórí awakọ̀ dá a lóhùn gbọn-in gbọn-in pé ó ti kúrò. Ẹnjiníà kò tún sọ̀rọ̀ náà mọ́. Kò tó ìdajì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, wọ́n kọlu ara wọn. Gbogbo ènìyàn 248 tó wà nínú bàálù KLM ló kú.

Ohun púpọ̀ ló fa ìjàǹbá náà: kurukuru, rédíò tí ohùn méjì pàdé lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti ọ̀rọ̀ tí kò yéni yékéyéké. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹnjiníà náà. Ó fura sí ewu. Ó tilẹ̀ la ẹnu. Ìbéèrè ló fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, kì í ṣe ìkìlọ̀, nígbà tí àgbà sì ti fèsì, ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 1978, bàálù United kan já ní ìlú Portland ní Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ bàálù náà ló ń da olórí awakọ̀ láàmú. Wọ́n ń yí ká lójú ọ̀run fún nǹkan bí wákàtí kan kí wọ́n lè múra sílẹ̀ fún ìbalẹ̀ tó léwu, títí epo fi tán pátápátá. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mẹ́nu kan epo náà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ débi tí yóò fi ta á jí. Ènìyàn 10 ló kú.

Ní 1979, àjọ NASA pe ìpàdé àwọn onímọ̀ lórí ọ̀ràn yìí. Ní 1981, ilé iṣẹ́ United bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn awakọ̀ wọn ní ohun tuntun kan: wọ́n kọ́ ọ̀gá bí a ṣe ń béèrè ìmọ̀ràn àti bí a ṣe ń gbọ́ ọ, wọ́n sì kọ́ ọmọ iṣẹ́ bí a ṣe ń kìlọ̀ fún ọ̀gá kó yé e. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ti tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ bàálù káàkiri ayé. Nígbà tí ẹ bá wọ bàálù lọ sí Èkó, ẹ̀kọ́ yìí wà lára ohun tó ń dáàbò bò yín.

NÍNÚ YÀRÁ IṢẸ́ ABẸ

Ó pẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí tó dé ilé ìwòsàn, níbi tí púpọ̀ nínú wa ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2005, ìyá ọlọ́mọ méjì kan tó ń jẹ́ Elaine Bromiley lọ ṣe iṣẹ́ abẹ kan ní ihò imú rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ ni. Lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní oògùn oorun, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dí, afẹ́fẹ́ kò sì wọlé bó ti yẹ. Dókítà àgbà mẹ́ta tí iṣẹ́ dá lójú wọn gbìyànjú léraléra láti ti rọ́bà gba ẹnu rẹ̀ wọlé kó lè mí. Iṣẹ́ náà gbà wọ́n lọ́kàn débi pé wọn kò mọ bí àkókò ti lọ tó.

Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ mọ ohun tó kàn. Ọ̀kan nínú wọn gbé ohun èlò tí wọ́n fi ń dá ihò síwájú ọ̀fun wá, kí aláìsàn lè gba ibẹ̀ mí, ó sì sọ pé ó ti wà nílẹ̀. Wọn kò ṣe nǹkan kan sí i. Òmíràn lọ bá wọn wá ibùsùn ní yàrá àwọn tí àìsàn wọn le. Nígbà tó padà wá sọ fún wọn, ojú tí wọ́n fi wò ó dà bí ojú tí a fi ń wo ẹni tó ń ṣe àṣejù. Ó lọ dá ibùsùn náà dúró. Elaine kò jí mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 13, ó kú.

Ọkọ rẹ̀, Martin Bromiley, jẹ́ awakọ̀ bàálù. Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí. Ó béèrè pé kí wọ́n wádìí ikú ìyàwó òun bí wọ́n ti ń wádìí bàálù tó bá já, kí wọ́n lè mọ ìdí rẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n kàn wá ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi. Ní 2007 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń kọ́ àwọn oníṣègùn lórí ọ̀ràn yìí, ó sì gbà kí wọ́n fi ìtàn ìyàwó rẹ̀ ṣe fíìmù tí wọ́n fi ń kọ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wà láàyè lónìí nítorí pé ọkùnrin yìí kò jẹ́ kí kòtò náà wà láìsí àmì.

ÀWỌN TÓ Ń SỌ ÀṢÌṢE JÙ NI WỌ́N Ń ṢE DÁADÁA JÙ

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Amy Edmondson, tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Harvard, ń ṣèwádìí lórí àṣìṣe oògùn ní àwọn ẹ̀ka ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà. Ó rò pé àwọn ẹ̀ka tí olórí wọn dára, tí ìṣọ̀kan sì wà láàárín wọn, ni àṣìṣe wọn yóò kéré jù. Òdì kejì ló rí. Àwọn ẹ̀ka tó dára wọ̀nyẹn ni àṣìṣe tí wọ́n kọ sílẹ̀ pọ̀ jù!

Ṣé pé àwọn tó mọ iṣẹ́ jù ló ń ṣi oògùn lò jù ni? Rárá o. Nígbà tó wádìí síwájú, ó rí i pé ní àwọn ẹ̀ka wọ̀nyẹn, àwọn nọ́ọ̀sì lè sọ àṣìṣe fún olórí wọn láìbẹ̀rù, kí gbogbo wọn sì jọ wá ojútùú. Ní àwọn ẹ̀ka yòókù, ẹnu wọn wà ní dídì. Ó gbé ìwádìí yìí jáde ní 1996, ó sì tún kọ òmíràn ní 1999 tó sọ ọ̀rọ̀ ìfọ̀kànbalẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ di ohun tí gbogbo ayé ń sọ.

Nítorí náà, ọ̀gá tó ń yangàn pé, "Kò sí àṣìṣe lọ́dọ̀ tèmi," kí ó tún ojú wò. Ó lè jẹ́ pé àṣìṣe wà, òun nìkan ni wọn kò sọ fún.

ṢÉ ÌBỌ̀WỌ̀ FÚN ÀGBÀ YÓÒ WÁ PARẸ́?

Ẹnì kan lè sọ pé, "Àṣà òyìnbó lẹ ń sọ yìí. Ọmọ Yorùbá kì í wo àgbà lójú kó sọ pé ó ń ṣìnà." Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa.

Àwọn baba wa gan-an ló sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ọmọdé bá sì fẹ́ pa òwe níwájú àgbà, ó ní ohun tó ń sọ. Yóò ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà." Kí ni àgbà máa ń fi dá a lóhùn? "Wàá rí òmíràn pa." Ẹ wo ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọdé tọrọ àyè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àgbà sì fún un láyè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ti òní nìkan ni àgbà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe é ní àdúrà pé yóò tún sọ òmíràn lọ́la. Ìfọ̀kànbalẹ̀ tí a ń wí nìyẹn, inú ilé wa ló sì ti wà látọjọ́ pípẹ́.

Nínú Bíbélì, a ka ìtàn Náámánì, olórí ogun Síríà. Nígbà tó bínú pé òun kò ní wẹ̀ ní odò Jọ́dánì, àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ló súnmọ́ ọn. Wọ́n pè é ní baba wọn, síbẹ̀ wọ́n sọ fún un pé kó tún èrò rẹ̀ pa. Ìbọ̀wọ̀ àti òótọ́ jọ rìn pọ̀. Náámánì náà sì ṣe ohun tó yẹ olórí: ó gbọ́. Bí kò bá gbọ́ ni, ẹ̀tẹ̀ ni ì bá gbé padà lọ sílé.

A lè kúnlẹ̀ ká sì sọ òótọ́. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni kí àgbà gba ìkúnlẹ̀ náà, kó sì kọ òótọ́ náà.

A kò sì sọ pé kí ọ̀gá má béèrè iṣẹ́ tó dára. Ẹni tó ń pẹ́ lẹ́yìn lójoojúmọ́, ẹni tó ń sùn nígbà tó yẹ kó máa ṣọ́ aláìsàn, a gbọ́dọ̀ bá a wí. Ilé iṣẹ́ tí ọkàn ti balẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tó ń béèrè iṣẹ́, ọ̀lẹ ni yóò kún ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń béèrè iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ìbẹ̀rù gba gbogbo rẹ̀, irọ́ ni yóò kún ibẹ̀. Olórí rere ń béèrè iṣẹ́, ó sì ń fún ni láyè láti sọ òótọ́ nípa rẹ̀.

OHUN TÍ OLÓRÍ LÈ ṢE

1. Ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kì í sáré gbé ìròyìn búburú lọ sókè. Ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá gbà á. Bí ẹ bá ní, "Ṣé kò sí wàhálà?" wọn yóò ní, "Kò sí, ma." Ẹ béèrè ohun tí a kò lè fi "kò sí" dáhùn: "Kí ló lè ṣì wá lọ́nà lónìí?" "Aláìsàn wo ló ń kọ yín lóminú jù?" Ní 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kékeré kan jáde fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Lára ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan aláìsàn, olúkúlùkù tó wà nínú yàrá yóò dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì sọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn 8 ní ìlú 8 káàkiri ayé, London sì wà lára wọn. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2009, iye àwọn tó ń kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wálẹ̀ láti 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe ìdárúkọ nìkan ló ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fọhùn lẹ́ẹ̀kan kò ṣòro fún un mọ́ láti tún fọhùn.

2. Ẹ ṣọ́ ìdáhùn yín àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọbìnrin kan ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó sì wá bá ọ̀gá rẹ̀, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ Yorùbá.

"Ẹ jọ̀wọ́ ma, mo ní nǹkan láti sọ. Mo fún bàbá tó wà ní yàrá 6 ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Ìgbà tí mo ṣe tán ni mo gbọ́ pé ẹni tó ṣiṣẹ́ ọ̀sán ti fún wọn tẹ́lẹ̀."

Ọ̀gá lè fèsì báyìí: "Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Irú iṣẹ́ wo lo ń ṣe níbí gan-an?" Gbogbo ẹni tó wà nítòsí yóò gbọ́, wọn yóò sì fi ìyẹn kọ́gbọ́n: bó o bá ṣì í, pa á mọ́ra. Nígbà mìíràn, bàbá arúgbó yóò dìde lóru, òòyì yóò kọ́ ọ, yóò ṣubú, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ìdí rẹ̀.

Tàbí kó fèsì báyìí: "O ṣeun tó o tètè sọ fún mi. Báwo ni bàbá ṣe wà báyìí? Lọ dúró tì wọ́n, má jẹ́ kí wọ́n dìde. Jẹ́ kí n pe dókítà." Ọ̀rọ̀ yìí ni "wàá rí òmíràn pa" ti ibi iṣẹ́. Ìbéèrè nípa bó ṣe ṣẹlẹ̀ yóò wáyé, ṣùgbọ́n bàbá ló kọ́kọ́ kàn.

3. Ẹ wádìí kòtò náà kí ẹ tó bá ẹni tó jìn sí i wí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ọ̀gá tí a ń wí yìí bá jókòó pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ kejì, ó lè rí i pé ẹni tó ṣiṣẹ́ ọ̀sán kò tíì fọwọ́ sí ìwé nítorí pé ọ́fíìsì ni ìwé náà wà, aago sì ń dún ní yàrá mìíràn. Bí wọ́n bá gbé ìwé náà sórí kẹ̀kẹ́ oògùn, wọ́n ti dí kòtò náà. Bí wọ́n bá lé ọmọbìnrin náà lọ, kòtò wà níbẹ̀ ń dúró de ẹlòmíràn. Àṣìṣe yàtọ̀ sí àìbìkítà, àìbìkítà sì yàtọ̀ sí ìwà ìkà. Ẹ má fi ọrẹ́ kan náà na àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

4. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé ẹ lè ṣì. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn: "Mo lè má rí gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé mo fẹ́ ṣe ohun tó léwu, ẹ dá mi dúró." Ẹ sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí wàhálà tó dé.

5. Ẹ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ní ìpàdé. Bí ọ̀gá bá ti sọ èrò rẹ̀ tán, kí ló kù fún ọmọ iṣẹ́ bí kò ṣe "bẹ́ẹ̀ ni sà"? Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

6. Ẹ wá ẹni tí ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ní 2015, agbẹjọ́rò àgbà Robert Francis gbé ìròyìn kan jáde fún ìjọba lórí bí àwọn òṣìṣẹ́ NHS ṣe lè sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù. Ìròyìn náà mẹ́nu kan àwọn tó ṣòro fún jù: àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ́jẹ́ńsì, àti àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú tàbí ẹ̀yà kékeré mìíràn. Ẹ̀yin ará, àwa ni wọ́n ń wí. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọn yóò fi ọ̀nà tó ń gbà pe ọ̀rọ̀ ṣe ẹlẹ́yà, ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́, kò ní tètè la ẹnu. Bí ẹ̀yin bá ti gba ibẹ̀ kọjá tí ẹ sì ti di ọ̀gá, ẹ rántí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìbáà ṣe láti Ìbàdàn, láti Manila tàbí láti Poland.

7. Ẹ padà wá jíṣẹ́. Bí ẹnì kan bá sọ ohun kan fún yín, ẹ padà wá sọ ohun tí ẹ ti ṣe sí i, àní bí kò bá ṣeé ṣe. Ẹni tó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò gbọ́ èsì kò ní sọ ẹ̀kẹrin.

BÍ Ẹ KÒ BÁ TÍÌ DI Ọ̀GÁ

A kò ní tàn yín pé ó rọrùn. Ní ìlú Bristol, dókítà kan tó ń fún àwọn ọmọdé ní oògùn oorun, Stephen Bolsin, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ láti 1990 pé àwọn ọmọ ọwọ́ tó ń kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn ti pọ̀ jù. Ọdún gorí ọdún kí wọ́n tó gbọ́. Ìwádìí ìjọba tí Ian Kennedy darí, tó jáde ní 2001, sọ pé láàárín 1991 sí 1995, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan tó kú níbẹ̀ fi nǹkan bí 30 sí 35 ju iye tó yẹ kó jẹ́ lọ. Bolsin ti kó lọ sí Australia kí ìwádìí náà tó jáde. Òótọ́ lè gbówó lórí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ẹrù yìí, ọ̀gá ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé e.

Síbẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí ẹ lè ṣe. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ẹ tètè sọ ọ́. Ẹ má fi ìbéèrè bo ìkìlọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ lè gbé e ní ìpele mẹ́ta. Àkọ́kọ́: "Ma, ọ̀rọ̀ aláìsàn yìí ń kọ mí lóminú." Bí wọn kò bá gbọ́: "Ara mi kò balẹ̀ rárá sí ohun tí a fẹ́ ṣe yìí." Bí wọn kò bá tún gbọ́: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká dúró. Ó léwu." Kò sí ìwọ̀sí nínú rẹ̀, ó sì yéni.

Bí ọ̀gá kò bá gbọ́, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago rẹ̀, kí ẹ sì lọ bá ẹni tó ga jù ú lọ, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín, tàbí ẹni tí ilé ìwòsàn yín yàn láti máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìròyìn 2015 ni àwọn ilé ìwòsàn NHS ní England bẹ̀rẹ̀ sí í yàn wọ́n. Òfin kan tí ilé aṣòfin ṣe ní 1998 tún wà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá sọ̀rọ̀ ewu fún ẹni tó yẹ, kí wọ́n má bàa lé e tàbí fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Ó kan òṣìṣẹ́ ẹ́jẹ́ńsì pẹ̀lú. Ẹ gba ìmọ̀ràn kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde sí gbangba.

NÍ ÌPARÍ

Ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sí ibi iṣẹ́ nìkan. Ọmọ tó fọ́ àwo nílé tó sì fi í pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ta ló kọ́ ọ? Akápò ẹgbẹ́ tó rí i pé owó kò pé, tí kò sì lè sọ fún alága, kí ló ń bà á lẹ́rù? Bí a bá ti ń dáhùn ọ̀rọ̀ kékeré nínú ilé ni àwọn ọmọ wa yóò ṣe mọ bóyá wọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ ńlá wá bá wa.

A rọ olúkúlùkù tó jẹ́ olórí láàárín wa pé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó bi ẹnì kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀ pé, "Kí ni ohun tó yẹ kí n mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún mi?" Kó béèrè, kó dákẹ́, kó sì fara balẹ̀ gbọ́. Ohun yòówù tí ìdáhùn náà ìbáà jẹ́, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, kó jẹ́ "O ṣeun."

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ÌDÍLÉ ÀTI NÍ KÍLÁÀSÌ

1. Kí ló yẹ kí olórí awakọ̀ ti ṣe nígbà tí ẹnjiníà béèrè ìbéèrè ní Tenerife?
2. Kí nìdí tí àwọn ẹ̀ka ilé ìwòsàn tó dára fi ní àkọsílẹ̀ àṣìṣe tó pọ̀ jù?
3. Báwo ni a ṣe lè fi ọ̀wọ̀ sọ fún ẹni tó jù wá lọ pé ó ń ṣìnà?
4. Ẹ̀yin ọmọ, kí ni àwọn òbí yín lè ṣe kó má bàa nira fún yín láti sọ àṣìṣe yín? Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìdáhùn wọn kí ẹ tó sọ tiyín.